Ìkìlọ̀: ẹ má ra irúgbìn ajuga aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ọkùnrin yìí

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń tọ́jú ọgbà, pàápàá ẹ̀yin tí igi ńlá tàbí ògiri gíga kò jẹ́ kí oòrùn ráàyè wọ apá kan ọgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta ajuga aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbowó lọ́wọ́ mi. Owó tó wọgbó dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó kó bá ilẹ̀ mi ló dùn mí jù, nítorí owó ṣeé wá padà, ilẹ̀ tó bá ti kó àrùn kì í tètè gbádùn.

Ẹni tí kò bá tíì mọ ewéko náà, Ajuga reptans ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ilẹ̀ Yúróòpù wà lára ibi tó ti ń hù fúnra rẹ̀. Kì í ga, fífẹ̀ ló ń fẹ̀. Ìyá rẹ̀ á jókòó sójú kan, á na ọwọ́ jáde, ọwọ́ náà á máa rá lórí ilẹ̀, ibi tí oríkèé rẹ̀ bá sì ti fara kan ilẹ̀ tútù, ibẹ̀ ni ọmọ tuntun ti máa ta gbòǹgbò. Kí ẹ tó mọ̀, ilẹ̀ ìdí igi tí koríko kọ̀ láti hù sí ti bò mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní sí i. Nígbà ìrúwé, á yọ òdòdó ṣónṣó ṣónṣó aláwọ̀ aró, oyin á sì máa rọ́ wá sórí rẹ̀. Ti inú igbó, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ni. Àwọn tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà fún àwọ̀ wọn ló máa ń dúdú: Black Scallop, Atropurpurea, Catlin's Giant àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Black Scallop ni mo ń wá.

Àwòrán tí ọkùnrin yìí fi ń polówó ló kọ́kọ́ mú mi lójú. Ewé kan ṣoṣo ni, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ẹnìkan dì í mú, ìkòkò kan wà lẹ́yìn. Ewé náà dú bí kóró isin, ó ń dán gbinrin. Mo wò ó títí. Ìgbà tí ọ̀ràn ti bàjẹ́ tán ni mo tó fẹ àwòrán náà lójú fóònù, tí mo rí ohun tó yẹ kí n ti rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́: èékánná àtàǹpàkò yẹn, àwọ̀ àlùkò ni. Etí ìkòkò tó wà lẹ́yìn, àwọ̀ àlùkò. Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò pàápàá, àwọ̀ àlùkò. Wọ́n da àwọ̀ bo gbogbo àwòrán náà ni, kí ewé tútù lásán lè dà bí ewé dúdú. Ewéko tó dúdú lóòótọ́ kì í pa èékánná ẹni tó mú un láró.

Lábẹ́ àwòrán náà, ó kọ ọ́ pé bí òjìji bá ṣe ṣú tó ni ewé náà yóò ṣe dúdú tó. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan yẹ kó lé mi sá, nítorí òdìkejì rẹ̀ gan-an ló rí. Ajuga fara da òjìji dáadáa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọ̀ dúdú rẹ̀ jáde. Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọjú fún wákàtí bíi mélòó kan, àwọ̀ rẹ̀ á jinlẹ̀. Ẹ tì í sábẹ́ igi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé rárá, á wà láàyè, ṣùgbọ́n á máa padà di àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan péré á ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn kò gbin ajuga rí, àbí kó jẹ́ pé ó mọ̀, tó kàn mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí àwa onílẹ̀ òjìji ń fẹ́ gbọ́.

Irúgbìn ló ń tà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí, torí ibẹ̀ ni jìbìtì náà fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn tó ń gbin Black Scallop fún títà kì í fi irúgbìn ṣe é. Lára ìyá ni wọ́n ti ń gé ọmọ, tàbí kí wọ́n pín ìdí rẹ̀, kí ọmọ lè jọ ìyá láìyẹ̀. Bí ẹ bá gba irúgbìn lára rẹ̀ tí ẹ gbìn ín, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọ̀ ìyá ni yóò gbé jáde. Ọ̀kan lè dúdú díẹ̀, òmíràn á tutù bíi ti inú igbó. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ orúkọ Black Scallop sára páálí irúgbìn, tó sì ń búra pé gbogbo hóró inú rẹ̀ ló máa dúdú, irọ́ ló ń pa. Kò sí àlàyé kankan tó lè sọ ọ́ di òótọ́.

Èmi rà á. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi hù. Ó hù lóòótọ́, inú mi dùn, mo ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ láàárọ̀. Nígbà tó ga tó ìka kan, mo wólẹ̀ tì í, mo fọwọ́ yí igi rẹ̀. Ó rí roboto. Mo wo ewé rẹ̀: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lókè ọ̀hún, wọ́n ń gba ara wọn lọ́nà bí àtẹ̀gùn. Ọkàn mi pami. Ìdílé kan náà ni ajuga àti efinrin. Igi òdòdó rẹ̀ ní igun mẹ́rin tí ẹ lè fi ìka mọ̀ kódà nínú òkùnkùn, ewé rẹ̀ sì máa ń jáde ní méjì méjì tó kọjú síra. Ohun tó wà níwájú mi kì í ṣe ajuga dúdú, kì í ṣe ajuga tútù. Èpò ni.

Mo kọ̀wé sí i. Ó dá mi lóhùn kíá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ ló ṣi páálí mú. Ẹ kàn fi owó ìfiránṣẹ́ sílẹ̀, màá fi ọmọ tó ti ta gbòǹgbò ránṣẹ́ sí yín, ẹ ò ní dúró de irúgbìn mọ́." Ohùn ọ̀wọ̀ yẹn ló tún mú mi. Mo san án.

Ohun tó dé wà nínú ọ̀rá tí wọ́n so pinpin, pẹ̀lú àkísà tútù tí wọ́n fi wé e. Ewé wọn dúdú o. Mo tilẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ó ṣe é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fọwọ́ kan ewé kan báyìí, ó ja sí mi lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀, ó sì ń rùn. Dúdú ìjẹrà ni, kì í ṣe dúdú àwọ̀. Mẹ́ta nínú wọn ṣì le díẹ̀, ni mo bá rò ó pé kí n má fi gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Mo gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ajuga tútù mi àtijọ́, èyí tó ti bo ìdí igi náà láti ọdún pípẹ́.

Ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe yìí láé. Ooru mú, òjò rọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ gba àárín ewé tó ti ki pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ajuga àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, láti ibi tí mo gbin mẹ́ta yẹn sí, ó ń fẹ̀ jáde yíká bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná síbẹ̀. Mo ṣí ewé sọ́tọ̀, mo rí nǹkan funfun tó ta bí òwú yí ìdí wọn ká, àti hóró kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ ìgúnṣọ lọ. Sclerotium rolfsii nìyẹn, àrùn olú tó máa ń jẹ ìdí ajuga rà, tó sì ń jà gan-an nígbà tí ooru àti ọ̀rinrin bá pàdé. Irú ewéko tó lè kọlù lé ní 500. Hóró yẹn ló sì burú jù, nítorí ó lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kó tún jí. Mo hú gbogbo ajuga náà, mo kó iyẹ̀pẹ̀ òkè pẹ̀lú rẹ̀ sínú àpò, mo dì í, mo kó o dànù. Mi ò jẹ́ kó kan ààtàn tí mo ti ń ṣe ajílẹ̀. Mo fọ ọkọ́ àti bàtà mi kí n tó tẹ ibòmíràn. Ojú ilẹ̀ náà ṣófo báyìí. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ó ń dùn mí wọra.

Ohun kan tún wà nínú ẹrù kejì yẹn: páálí irúgbìn kékeré kan tí mi ò rà, tí wọn ò kọ orúkọ kankan sí, ó ní ẹ̀bùn ni. Èyí ni mi ò gbìn. Mo rántí ọdún 2020, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà ń rí irúgbìn tí wọn ò rà gbà láti òkèèrè, tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ níbẹ̀ fi kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín. Bí irú rẹ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má gbìn ín, ẹ má sì dà á sílẹ̀ nínú ọgbà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀, kí ẹ fi tó àwọn aláṣẹ iṣẹ́ ọ̀gbìn létí.

Ẹnìkan tí mo sọ fún ní òun náà kó sọ́wọ́ irú wọn, lọ́nà mìíràn. Ophiopogon planiscapus Nigrescens, ewéko dúdú kan tí ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti koríko, ni wọ́n tà fún un, pé yóò bo ilẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ewé yẹn dúdú lóòótọ́, bóyá òun ló dúdú jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìgbín ni tó bá di ká tàn ká. Ọdún ni ẹ máa kà. Heuchera ni wọ́n ń tà fún àwọn mìíràn bí ewéko tó ń rá, bẹ́ẹ̀ ojú kan ló ń jókòó sí. Àwọn ewéko méjèèjì dára, mo fẹ́ràn wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tà wọ́n ni kò dára.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra ajuga dúdú, ẹ ra èyí tó wà láàyè nínú ìkòkò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ̀kan, kó tẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ sórí bébà funfun tó kọ déètì ọjọ́ náà sí, kó ya á. Gbòǹgbò tó dáa máa ń funfun tàbí kó rí bí àwọ̀ ìpara, ó sì máa ń le. Bébà funfun yẹn náà á tú àṣírí àwọ̀ tí wọ́n bá dà lé àwòrán. Bó bá dé, ẹ má sáré gbìn ín mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ máa ṣí ìdí rẹ̀ wò. Nígbà tí ẹ bá sì wá gbìn ín, ẹ fi àyè bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn, nílẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Ìkòkò kan tó kún dáadáa ṣeé pín sí mélòó kan. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì ní in, ẹ má tilẹ̀ rà á rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni tó ní ajuga máa ń wá ẹni tí yóò bá òun kó nínú rẹ̀, torí bó bá ráàyè, á wọnú koríko.

Ọkùnrin náà kò dá mi lóhùn mọ́ láti ìgbà tí mo fi àwòrán ilẹ̀ mi ránṣẹ́ sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìpolówó tuntun, orúkọ mìíràn ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló kọ. Àwòrán àtàǹpàkò yẹn kò yí padà. Ẹ wo èékánná rẹ̀.