Àjẹ́ tí kò fẹ́ ṣe àjẹ́: èrò àwa òǹkàwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí A Discovery of Witches

Ìwé A Discovery of Witches, tí Deborah Harkness kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 2011, jẹ́ ìwé tí owó ẹni kò ní ṣòfò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ inú rẹ̀ ni ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni fáńpáyà, ìyẹn àwọn ẹ̀dá tí ń mu ẹ̀jẹ̀, àti obìnrin ọ̀mọ̀wé kan tí kò fẹ́ kí ohun tí ojú kò rí jọba lórí òun. Àwa díẹ̀ tí a máa ń ka ìwé pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti kà á tán, ohùn wa kò sì ṣọ̀kan. Èrò tèmi ni pé iyèméjì obìnrin náà ni ó gbé ìwé yìí ró, àti pé ibi tí iyèméjì náà ti sùn lọ ni ìwé náà ti rẹ̀ sílẹ̀.

Diana Bishop ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ìtàn àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n ń wá ọ̀nà láti sọ irin lásán di wúrà. Ìran àjẹ́ ni wọ́n bí i sí. Òǹkọ̀wé so ìran náà mọ́ Bridget Bishop, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yẹgi fún ní ìlú Salem ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1692 lórí ẹ̀sùn àjẹ́, obìnrin tí ó gbé ayé lóòótọ́. Ní ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford, Diana béèrè fún ìwé àfọwọ́kọ kan tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ Ashmole 782. Bí ó ti ṣí i, ó rí i pé wọ́n ti ya ojú ewé mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, ó sì rí ọ̀rọ̀ tí ń rìn lójú ewé. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó mú mi fẹ́ràn rẹ̀: ó kọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò sílẹ̀, ó pa ìwé náà dé, ó sì dá a padà fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àjẹ́, àwọn fáńpáyà àti àwọn ẹ̀dá ọlọ́pọlọ àrà tí òǹkọ̀wé pè ní daemon ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí ilé ìkàwé náà, tí wọ́n ń jókòó tì í.

Bàbá kan láàárín wa, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Ìkẹ́nẹ́ ní Rẹ́mọ, kọ̀ jálẹ̀ pé Diana kì í ṣe oníyèméjì rárá. Ó ní ẹni tí ó bá ń wá oníyèméjì kí ó rántí Tai Solarin, tí ó fi ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀, tí ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nẹ́ ní ọdún 1956, tí kò sì fi bò títí ó fi kú ní ọdún 1994 pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. “Ìyẹn ní kò sí. Èyí mọ̀ pé ó wà, ó kàn ń sá fún un ni.” Nọ́ọ̀sì kan tí ó jókòó kọjú sí i dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, Bàbá, bí èèyàn bá kọ ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ dè é, ṣé a ó máa pè é ní ojo ni?”

Ìwé náà gan-an wà lẹ́yìn Bàbá. Ní ọjọ́ kan Diana nílò ìwé kan tí ó wà lókè pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnìkan, ó sì fi agbára tí ó ní òun kò lò fa ìwé náà sọ̀kalẹ̀. Kò mọ̀ pé Matthew Clairmont, fáńpáyà tí òun àti Diana padà wá fẹ́ra, ń wò ó. Ẹni tí kò gbà pé nǹkan wà kì í wẹ̀yìn wò kí ó tó lò ó. Síbẹ̀ nọ́ọ̀sì náà ni mo tì lẹ́yìn, nítorí pé ohun tí Diana ń dáàbò bò ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti fi òógùn ojú ara rẹ̀ di ènìyàn.

Òǹkàwé Ìjẹ̀bú yóò tètè mọ ibi tí bàtà yìí ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn Yorùbá yòókù ti ń fi oògùn dá wa lápàárá. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá ṣòwò tí ó lówó, tí ó kọ́lé sí Èkó nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, àwọn kan yóò ní ọwọ́ lásán kọ́, wọn yóò ní ó ti lọ ṣe nǹkan. Wọn kò ní ka bí ó ti ń jí lọ sí ìsọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò sì ní ka gbèsè tí ó san. Nítorí náà nígbà tí mo rí obìnrin kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé idán ni òun fi gba ìwé ẹ̀rí òun, mo mọ ohun tí ó ń sọ.

Ibi tí gbogbo wa ti fajú ro ni ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Ọmọ ọdún méje ni Diana nígbà tí wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀, ilẹ̀ wa yìí sì ni òǹkọ̀wé fi ikú wọn sí. Mo fara balẹ̀ ka àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ yọ, mo ń retí ọjà kan, oúnjẹ kan, àní ẹnìkan ṣoṣo tí yóò la ẹnu sọ̀rọ̀, n kò rí i. Òǹkọ̀wé tí ó mọ irú wáìnì tí ó wà nínú ìgò àti ọjọ́ orí rẹ̀, tí ó júwe Bodleian débi pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóòórùn awọ ìwé, ni ó kàn ti orúkọ orílẹ̀-èdè wa bọ àárín ìtàn bí ibi jíjìnnà kan tí àwọn òbí máa ń kú sí. Nígbà tí ó yá, a gbọ́ pé àwọn àjẹ́ ẹgbẹ́ wọn ni ó wà nídìí ikú náà. Màmá kan tí ń ta aṣọ ní Òkè-Ajé ní ó kéré tán, wọ́n ti yọ ọwọ́ wa nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Onímọ̀ ìtàn tí ó lè tú gbogbo ilé ìkàwé nítorí ojú ewé mẹ́ta ì bá ti wádìí ilẹ̀ tí ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ ju bí ó ti wádìí rẹ̀ lọ.

Ní ti Matthew, ó ti lo nǹkan bí 1,500 ọdún láyé, ó ń ṣiṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní Oxford, ó ń bu oúnjẹ àti wáìnì fún Diana, kò sì kánjú. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó wà láàárín wa gba tirẹ̀ gan-an. Èmi kò lè gbàgbé pé ó wọ ilé obìnrin náà lóru láìgbàṣẹ, tí ó ń wò ó bí ó ti ń sùn. Bí ọmọkùnrin àdúgbò wa bá ṣe irú rẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá a. Nígbà tí wọ́n dé ilé ńlá ìdílé rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ fún Diana pé ní ìlànà àwọn fáńpáyà, tọkọtaya ni wọ́n ti jẹ́. Kò sí mọ̀mínmọ̀ọ́, kò sí ìdána. Màmá aláṣọ pa ìwé dé. “Wọn ò bi òun fúnra rẹ̀, wọn ò bi àǹtí tó tọ́ ọ, ìyàwó ti dé ilé ọkọ! Ẹ gbà mí o.” Diana, tí ó ti bá gbogbo ayé jiyàn láti ojú ewé àkọ́kọ́, gba èyí láìjà púpọ̀. Níbi tí iyèméjì ti wúlò jù lọ ni òǹkọ̀wé ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn dùn. Ysabeau, ìyá Matthew, tí ó kórìíra àjẹ́ tí kò sì fi bò, dára ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ilé àwọn àǹtí Diana ní Madison ní ìpínlẹ̀ New York máa ń fi yàrá kún ara rẹ̀ bí ó bá mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, àwọn òkú ìdílé sì ń gbé inú rẹ̀ bí onílé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí ó fòfin dè é kí àjẹ́ má fẹ́ fáńpáyà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ bí Òṣùgbó ṣe ń jókòó ní ìlédì. Eré ìdárayá yoga tí àjẹ́ àti fáńpáyà ti jọ ń ṣe kò dà bí nǹkan kan.

Ibi tí ìwé náà ti lágbára jù ni àárín àwọn ìwé àtijọ́, ìdí rẹ̀ sì hàn. Onímọ̀ ìtàn sáyẹ́ǹsì ni Harkness fúnra rẹ̀. Òun ni ó rí ìwé àfọwọ́kọ Soyga, ìwé idán àtijọ́ kan tí ó ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́, nínú Bodleian yìí kan náà ní ọdún 1994. Ashmole 782 pàápàá wà nínú àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé náà lóòótọ́, ìwé náà ni a kò rí.

Ó gùn, ó tó ojú ewé 580, àárín rẹ̀ sì falẹ̀. Ẹ má fi fún ọmọdé, nítorí ìyà tí àjẹ́ kan fi jẹ Diana le. Ìtàn náà kò sì parí síbẹ̀: Diana àti Matthew padà sẹ́yìn lọ sí ọdún 1590, ìwé kejì, Shadow of Night, tí ó jáde ní ọdún 2012, ni ó gba ọ̀rọ̀ náà, The Book of Life ti ọdún 2014 sì tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá ṣetán láti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó yá ti àkọ́kọ́ kà ná.