Ìkìlọ̀: Ẹ má sanwó “ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé” lórí cable car Cape Town

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ ń dá owó jọ fún ìrìnàjò Cape Town, yálà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí nínú ẹgbẹ́ ìjọ, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó fowó ránṣẹ́. Irú ìpolówó kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láti Bódìjà dé Challenge: òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ òfurufú, àti “VIP cable car” (ọkọ̀ tí wáyà ń fà gòkè) lọ sórí Table Mountain, òkè ńlá Cape Town, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ géérégé, kò sí ìdádúró. Owó ìjókòó fèrèsé yẹn dá wà lọ́tọ̀, orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kà á sí.

Inú cable car náà kò ní ìjókòó tí ẹnikẹ́ni lè tà. Èrò 65 ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ìdúró ni wọ́n sì ń wọ̀ ọ́. Láti 1997 tí wọ́n ti pààrọ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ilẹ̀ inú rẹ̀ ló ń yí bí ó ti ń gòkè. Kó tó dé òkè, yóò ti yí po tán, débi pé ẹni tó wọlé kẹ́yìn náà yóò rí ìlú, òkun àti ògiri àpáta, kò ní sún ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ibùdó ìsàlẹ̀ lójú ọ̀nà Tafelberg fi mítà 363 ga ju òkun lọ, tòkè jẹ́ mítà 1,067. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ó gùn dín díẹ̀ ní Cocoa House méje tí a tò léra wọn. Ẹni tó bá ń ta fèrèsé níbẹ̀, ohun tí kò sí ló ń tà.

“Kò sí ìdádúró” náà, irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ níbẹ̀, kì í ṣe ejẹ́ǹtì. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta ni afẹ́fẹ́ gúúsù ìlà-oòrùn máa ń jà ní Cape Town, àsìkò Kérésì tí àwa ń rìnrìn àjò gan-an nìyẹn. Bí ó bá ti le jù, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró. Ìkùukùu tó nípọn náà lè dá a dúró. Kódà ẹni tó ti wà lókè, bí ó bá gbọ́ fèrè ìkìlọ̀, kí ó tètè padà sí ibùdó. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí cable car bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ ó padà wálé. Ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, kí àyè lè wà bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún “promo” ìsinmi gígùn àwọn ọmọ iléèwé: ní àárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń ti ibẹ̀ pa fún ọjọ́ mélòó kan fún àtúnṣe ọdọọdún. Ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tablemountain.net, ni ẹ ó ti rí ọjọ́ náà.

Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ímeèlì tiyín. Àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì ni ejẹ́ǹtì sábà máa ń fi ránṣẹ́, bákóòdù kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Bí ó bá ti fi ẹyọ kan náà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá, ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ló wọlé. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù á máa wo ara wọn lójú. Kí ejẹ́ǹtì jẹ èrè tirẹ̀ kò burú, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iye owó wà lórí ojúlé yẹn ní Rand, ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà kí ẹ tó dá a lóhùn.

Ohun mẹ́ta ni àwọn ejẹ́ǹtì kan fi ń gé owó yín jẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì òwúrọ̀ wọ́n ju tọ̀sán lọ: wọ́n á gba owó òwúrọ̀, wọ́n á ra ti ọ̀sán. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan wà, tàlọ-tàbọ̀ sì wà: ẹni tí wọ́n bá ra àlọ fún, ó di dandan kó tún sanwó lókè tàbí kó fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba Platteklip Gorge, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ olókùúta gíga-gíga tí orúnkún àgbàlagbà kò fẹ́. Ẹ̀kẹta ni “ọ̀fẹ́ ọjọ́ ìbí”. Ọmọ onílẹ̀ South Africa tó ní káàdì ìdánimọ̀ wọn ni ọ̀fẹ́ náà wà fún, kò kan pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ ìwé: ẹni tó bá ní ẹ ó gba fisa ní pápákọ̀ òfurufú Johannesburg, irọ́ ló ń pa. Yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yellow fever) tí ẹ rà láìgba abẹ́rẹ́ léwu. Ní 2012, ọmọ Nàìjíríà 125 ni South Africa dá padà nítorí káàdì yẹn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó wọlé. Fún ọkọ̀ òfurufú, kóòdù oníwóró mẹ́fà lásán lè jẹ́ àyè tí wọn kò tíì sanwó fún, tí yóò pa rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì oníwóró 13. Ti South African Airways máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 083.

Ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ojúlé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ tó sanwó, kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì sì bá tibẹ̀ mu. Àkáǹtì orúkọ èèyàn lásán, ẹ kọ̀ ọ́. Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an pé kí wọ́n di àkáǹtì tó gbà á mú, kí ẹ wá gbé ìwé ẹ̀sùn lọ sí EFCC ní Ìyágankú pẹ̀lú rìsíìtì, nọ́ńbà àkáǹtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp yín. Ẹ má pa ìkankan rẹ́ nínú rẹ̀, títí kan ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀.