Wọ́n ní ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì ni, ẹ wá gbọ́ tèmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa ọkọ̀ ojú omi alátẹ́gùn tí mo rà, ìyẹn ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹ má bínú pé ó pẹ́, mo fẹ́ lò ó dáadáa kí n tó lanu ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé e dórí omi báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lèmi nìkan, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú èèyàn nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan yẹn gan-an ló jẹ́ kí n ní kí n kọ eléyìí.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á lọ́wọ́ ẹnì kan l'Ékòó, ₦265,000, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní páàkì Owódé níbí l'Ọ̀yọ́. Páálí ẹ̀ ò tóbi rárá, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo gbé e sí délé. Nínú ẹ̀, ẹ máa rí ọkọ̀ fúnra ẹ̀, àjẹ̀ méjì, ìjókòó méjì tóun náà fẹ́ atẹ́gùn, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, àti nǹkan kékeré kan bíi lẹbẹ ẹja tí wọ́n ń kì bọ ìdí ẹ̀ kó má baà máa yí bìrípé lórí omi. Tọkọtìyàwó òyìnbó kan wà lára páálí, wọ́n wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì ò sí nínú páálí o! Mo tún lọ ra ìyẹn lọ́tọ̀.

Mo wá fi ₦38,000 ra ìgbòkun kékeré kan sí i, èyí tó rí roboto bí abẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń ká pọ̀ bíi ti nǹkan táwọn onímọ́tò fi ń dí gíláàsì iwájú nítorí oòrùn. Ó ní ojú rọ́bà kan láàárín tí èèyàn á máa gbà wo iwájú. Tẹ́ ẹ bá ti tú okùn ẹ̀ báyìí, pàá ló máa là, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú u ní pálọ̀, imú mi ló gbá, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Omi Erelu ló sún mọ́ wa jù l'Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń fà wá sílé wa nìyẹn, mi ò lè lọ máa fọ ẹsẹ̀ sínú omi tí màá mu. Ìkéré Gorge ni mo ń lọ, lọ́nà Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì débẹ̀, ẹ má rò pé odò tí wọ́n ń fẹsẹ̀ kọjá ni o, alagbalúgbú omi ni.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ mọ̀ pé láti òkè lọ́hùn-ún, lápá aṣálẹ̀, ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, kì í sì í dẹ̀yìn láàárọ̀. Mo la ìgbòkun, mo di okùn ẹ̀ mú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra ẹ̀, mi ò kan àjẹ̀. Omi ń dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdí mi. Kò sí fóònù, kò sí jẹnẹrétọ̀, mo ní háà, owó mi ò ṣòfò.

Àfìgbà tó dọ̀rọ̀ àtipadà. Ìgbòkun yìí, ibi tí atẹ́gùn bá ń lọ nìkan ló mọ̀. Àwọn ọkọ̀ ìgbòkun gidi máa ń ní pátákó tó wọnú omi lọ lábẹ́ wọn, òun ló máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ di omi mú kí atẹ́gùn má baà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá máa rìn wọ́gọwọ̀gọ, lọ sọ́tùn-ún, padà sósì, títí wọ́n á fi dé ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Tèmi ò ní, lẹbẹ kékeré yẹn ò sì lè ṣe é. Bí mo ṣe ká ìgbòkun nìyẹn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ padà, ó lé ní wákàtí kan, àtẹ́lẹwọ́ mi bó.

Wàhálà kejì téèyàn bá dá wà ni ọwọ́. Okùn ìgbòkun fẹ́ ọwọ́, àjẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi tọ́ ọkọ̀ sọ́nà fẹ́ ọwọ́ méjì. Ìgbà tó yá eyín ni mo fi di okùn mú bí ajá. Joshua Slocum, ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ dá ọkọ̀ ìgbòkun wà yí ayé ká láti 1895 sí 1898, ọkọ̀ tiẹ̀ tó ń jẹ́ Spray, ó lè so ìdarí ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó fi í sílẹ̀, ọkọ̀ á sì máa gba ọ̀nà ẹ̀ lọ. Tèmi, tí mo bá fọwọ́ nu imú lásán, ó ti kọrí síbòmíì. Ohun kan ṣoṣo témi àti bàbá yẹn jọ ní ni pé a ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ (wọ́n ní òun náà ò mọ̀ ọ́n o, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn).

Mo wá ronú pé ṣebí èèyàn méjì ni wọ́n kọ sára páálí, 180 kg, mo bá mú ọ̀rẹ́ mi Bàbá Ìbejì dání. Tí wọ́n bá gbé àwa méjèèjì sórí ìwọ̀n, a ò tó iye yẹn. Tó bá jẹ́ ti ọwọ́ ni, kò sóhun tó dùn tó o, òun di ìgbòkun mú níwájú, èmi ń tọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, a ń lọ bí ọba. Ṣùgbọ́n ibo la fẹ́ fi ẹsẹ̀ sí? Orúnkún mi wà lẹ́yìn ẹ̀, kúlà oúnjẹ wà láàárín itan mi, etí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, tó bá wúkọ́ báyìí omi á wọlé. Ẹ̀yìn Bàbá Ìbejì nìkan ni mo sì ń rí. Òun ló ń júwe fún mi, "Ọ̀tún, ọ̀tún, mo ní ọ̀tún! Kùkùté!"

A ti gùn ún. Mo gbọ́ "fììììì".

Ohun tó kó wa yọ ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ti ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ló tú, ẹ̀gbẹ́ ṣì le. A jókòó sínú omi dé ìdodo, ìrẹsì ń léfòó. Bàbá apẹja kan ló wá bá wa, wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọkọ̀ rèé àbí bàlúùnù?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fà wá." Wọ́n fi okùn àwọ̀n fà wá débùúté, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà wa, ó fi gọ́ọ̀mù táyà lẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló ti ṣí. Gọ́ọ̀mù táyà kì í mú irú rọ́bà yìí, gọ́ọ̀mù ti fáínìlì (irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà) lẹ máa wá, òun ni mo padà fi lẹ̀ ẹ́ tó sì dúró. Ẹni tó tà á fún mi ní èmi ni mi ò lò ó bó ṣe yẹ, látìgbà yẹn ó ń ka mẹ́sééjì mi, kò dáhùn.

Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan, tí omi pa rọ́rọ́, rà á, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà méjì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ èèyàn mẹ́ta sí lára. Bàbá Ìbejì ní òun á ṣì máa bá mi lọ sí Ìkéré, ṣùgbọ́n etídò lòun á jókòó sí, òun á máa ṣọ́ ìrẹsì.