Bíà márùn-ún la tọ́ wò láìrí ìgò wọn, Gulder ló ṣíwájú

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá kí wa ní Òkè-Àdó níbí lọ́jọ́ Sátidé, la bá tún bẹ̀rẹ̀ iyàn àtijọ́ yẹn, àwọn ní Star ni bàbá gbogbo bíà, èmi ní Gulder. Ọ̀rẹ́ mi tó wà níjòókòó ní kí la ń jà sí, pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, bébà ara ìgò nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an o. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé ojú kúrò níbẹ̀, ká fẹnu nìkan ṣèdájọ́.

Ìgò márùn-ún la rà, ọtí Nigerian Breweries ni gbogbo ẹ̀: Star, Gulder, Goldberg, Heineken àti Legend. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946 nìyẹn, tí Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó lọ́dún 1949, tí wọ́n sì ṣí ilé ìpọntí ti Ìbàdàn wa níbí lọ́dún 1982. Ìyàwó mi kì í mutí, àwọn ló bá wa dà á sí gíláàsì nínú kíṣìnì, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ìdí gíláàsì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e wá. Legend nìkan la dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ torí ó dúdú bí àdí.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: ẹ̀ẹ̀mejì la máa tọ́ ọ wò, ìkíní bó ṣe ń jáde nínú fíríìjì, ìkejì lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wò ó, òtútù máa ń pa ahọ́n. Ooru Ìbàdàn ti kọ́ wa ká máa pariwo "èyí tó tutù nini o", a ó gbé e mì gbágá, ara á balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mu ún bẹ́ẹ̀ ò tíì mọ adùn ohun tó mu. Ìgbà tí yìnyín bá kúrò lára ẹ̀ ni bíà tó dáa máa ń fara hàn.

Star kọ́kọ́ dùn lẹ́nu, ó fúyẹ́, kíkorò ẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Pẹpẹsúùpù ẹja àrọ̀ tó ta dáadáa ló bá a mu jù. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ adùn yẹn wá pọ̀ jù fún mi, mo fún un ní 7 nínú 10.

Goldberg rọ̀ lọ́nà ọ̀fun ju Star lọ, òórùn ọkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sì wà lára ẹ̀, mo fẹ́ràn òórùn yẹn. Ilé iṣẹ́ Sona ló ni ín tẹ́lẹ̀ kí àwọn tìsinyí tó rà á lọ́dún 2011. 7 lòun náà gbà. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní "Star mi rèé o, mi ò lè ṣì í mọ̀," bẹ́ẹ̀ Goldberg ni!

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ọkà yìí o, torí ó ká mi lára. Lọ́dún 1988 ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé, àwọn apọntí bá kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Iṣẹ́ ńlá ni, torí ọkà bàbà ò ní èèpo bíi ti báálì, èèpo yẹn ló sì máa ń ṣiṣẹ́ asẹ́ fún wọn tí wọ́n bá fẹ́ yọ omi ọkà. Wọ́n wá ọgbọ́n sí i, ó sì ṣeé ṣe. Tí ẹnì kan bá wá ń sọ fún mi pé bíà ọkà bàbà kì í ṣe bíà gidi, inú mi kì í dùn, àwọn bàbá wa ti ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kí ìgò tó dé ilẹ̀ yìí.

Báálì ni wọ́n fi ń ṣe Heineken ní tiẹ̀, ó mọ́ lẹ́nu, kò sì yí padà púpọ̀ nígbà tí òtútù kúrò, 7.5. Ẹ ṣọ́ra fún ìgò aláwọ̀ ewé ṣá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń ba hops, òdòdó tó ń mú kí bíà korò, jẹ́, ìgò aláwọ̀ ewé ò sì lè dí i bíi ti ìgò búráùn. Bíà pálọ̀ kan wà lápá Challenge tí wọ́n to kíréètì síta gbangba látàárọ̀, èyí tí wọ́n ṣí fún mi níbẹ̀ ń rùn bí asín, owó mi sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi ẹni tó ń tà á ni, kì í ṣe ti ọtí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọtí kúrò lóòrùn.

Legend, 8. Kò dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó tutù, àfi kíkorò, àmọ́ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó wá ń ta sánsán bíi kọfí àti ẹ̀pà tí wọ́n yan dójú ẹ̀. Ẹ fi àsun jẹ ẹ́, àsun tí iná rà díẹ̀ létí.

Gulder wá ńkọ́? 8.5. Ọdún 1970 ló ti wà, kíkorò ẹ̀ máa ń dúró sẹ́yìn ahọ́n, kì í hàn ẹ́ léèmọ̀, á kàn jẹ́ kó o fẹ́ mu sí i, bó sì ṣe wà nínú òtútù náà ló ṣe wà nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ní kò síyàtọ̀ yẹn, nọ́ńbà Gulder ló mú lẹ́ẹ̀mejèèjì pé òun ló dùn jù, láì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbà o. Wọ́n ní tí Trophy tó ń ti Iléṣà wá ò bá sí níbẹ̀ ìdánwò ò tíì pé, wọ́n á gbé ìgò méjì dání tí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyàwó mi sì ti kó àwọn nọ́ńbà yẹn pa mọ́ dè wọ́n.