Ẹ̀rọ etí fún ọmọ ilé ìwé nílẹ̀ Òkun: ohun tí owó yín ń rà àti ohun tí kò rà

Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rọ etí, èyí tí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ń fi sétí, máa ń gbà dé ọwọ́ òbí. Ọ̀kan ni èyí tó wà nínú páálí, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù. Òmíràn ni ti ọ̀fẹ́, tí wọ́n ń pín níbi ètò ìlera ọlọ́jọ́ kan. Ẹ̀kẹta ni èyí tí onímọ̀ ìgbọ́ràn ṣètò fún etí ọmọ náà gan-an lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ẹ kó wọn sórí tábìlì, ẹ lè má mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọwọ́ tó ṣètò ẹ̀rọ, àti ẹni tí ẹ lè padà lọ bá lóṣù tó ń bọ̀, ni ẹ ń sanwó fún.

Ti inú páálí, a ò gbà á níyànjú fún ọmọ kankan. Kò mọ̀ ju kó gbé gbogbo ariwo sókè lọ: jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé ìwé, bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, òjò lórí páànù, gbogbo wọn ló ń bá ohùn tíṣà wọlé. Etí ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì bàjẹ́ dọ́gba. Ọmọ lè máa gbọ́ ohùn tó wúwo dáadáa, kó má gbọ́ èyí tó tín-ín-rín. Èdè wa gan-an ló máa ń bo èyí mọ́lẹ̀, torí apá tó wúwo nínú ohùn ló gbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ọmọ á mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, á dáhùn tí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ilé á wá ní olórí kunkun ni, pé ìgbà tó bá wù ú ló ń gbọ́. Ẹ fi bébà bo ẹnu, kí ẹ wá ní kó tún “fá”, “sá” àti “ṣá” sọ tẹ̀ lé yín. Ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fáwẹ́ẹ̀lì kan náà. Èémí tín-ín-rín tó ṣáájú nìkan ló yà wọ́n, ibẹ̀ ni ọmọ á ti ṣì í. Ẹ̀rọ páálí á máa fi kún ohun tó ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kò tún ní ààlà tí ariwo kò gbọdọ̀ kọjá, ìyẹn sì lè ba ìwọ̀nba ìgbọ́ràn tó kù jẹ́.

Ti ọ̀fẹ́ sàn jùyẹn lọ. Ẹ̀rọ gidi ló sábà máa ń jẹ́. Ibi tó kù sí ni pé tí ọkọ̀ wọn bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Bátìrì á tán, rọ́bà á gan, ẹ̀rọ á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ gbà á, àmọ́ kí ẹ béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì gba ìwé àbájáde àyẹ̀wò lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Pẹ̀lú ìwé yẹn, onímọ̀ ìgbọ́ràn mìíràn lè tún ẹ̀rọ kan náà ṣètò.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tó pé, òun náà sì ní ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ẹ jẹ. Ará Kàbà á gba Ọbájànà lọ sí Lọ́kọ́ja, ará Ẹ̀gbẹ̀ á gba Èrúkù bọ́ sí ọ̀nà Ìlọrin. Ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn náà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ bi wọ́n bóyá onímọ̀ ìgbọ́ràn wà níbẹ̀. Dókítà etí ń wo àrùn, ó ń kọ oògùn, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Onímọ̀ ìgbọ́ràn ló ń wọn ìgbọ́ràn tó sì ń ṣètò ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe gbogbo ibi tí ti àkọ́kọ́ wà ni èkejì wà.

Iná kékeré ló yẹ kó kọ́kọ́ tàn sínú etí. Tí ìdọ̀tí bá dí i, wọ́n á kó o kúrò. Tí etí bá ń ṣọyún, kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró ná, torí ike ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki bọ etí á sé ọyún mọ́ inú ni. (Àdín àti ìyẹ́ adìẹ kì í ṣe oògùn rẹ̀ o.) Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú etí láti mọ̀ bóyá omi wà lẹ́yìn awọ etí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Àyẹ̀wò gan-an wá kàn. Ohùn láti 250 Hz tó wúwo dé 8000 Hz tó tín-ín-rín ni, etí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé ohun tó ń gbọ̀n lé egungun ẹ̀yìn etí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú ọ̀nà ohùn ló dí tàbí inú lọ́hùn-ún ló ti bàjẹ́. Tí fáànù bá ń yí nínú yàrá náà, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní kọ́ridọ̀, ẹ má gba àbájáde yẹn gbọ́. Lórí ìwé, róńdó pupa ni etí ọ̀tún, àmì X aláwọ̀ búlúù ni ti òsì. dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kí ọmọ tó gbọ́ ọ. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe pín in, kí etí tó dáa jù má tó 20 dB ló dára. 35 sí 49 ti wọ ibi tí ọmọ á máa pàdánù ọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Láti 80 lọ sókè, ẹ̀rọ etí nìkan lè má tó.

Wọ́n á wá rọ ike fún etí náà. Wọ́n á kọ́kọ́ ti fóòmù kékeré olówùú wọ inú, kí ohun rírọ̀ tí wọ́n ń fún sétí má bàa dé ibi awọ etí. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi ń gan. Tí wọn ò bá fi fóòmù yẹn sí i, ẹ dá wọn dúró. Etí ọmọ ń dàgbà, nítorí náà ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á nílò ike tuntun ní nǹkan bí ọdún kan síra. Tí ẹ̀rọ bá ń súfèé, ẹ má sáré dín ohùn rẹ̀ kù: ike ti kéré jù, tàbí rọ́bà ti sán, tàbí ìdọ̀tí ti dí etí, ohùn wá ń jáde padà sínú máíìkì ẹ̀rọ náà.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ẹ jẹ jù ni ìṣètò. Ó yẹ kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ọjọ́ orí ọmọ àti àbájáde rẹ̀ sí i, kí wọ́n wá ki rọ́bà tín-ín-rín sínú etí pẹ̀lú ẹ̀rọ láti wọn ohun tó ń dé ibẹ̀ gan-an. Ẹni tó kàn bi ọmọ pé “ṣé o ń gbọ́?” tó sì gbowó, kò ṣètò nǹkan kan.

Ti ilé ìwé ló kù. Bí ọ̀nà bá ṣe di ìlọ́po méjì, ohùn máa ń fi nǹkan bí 6 dB dín kù. Ohùn tíṣà tó dé etí ọmọ níwájú ní mítà kan ti fi 12 dB relẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ní mítà mẹ́rin, ariwo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì dín kù ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó dáa pàápàá kò fi lè ran ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì lọ́wọ́ tó. Onímọ̀ ìgbọ́ràn tó mọṣẹ́ á kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé: ìlà kejì ni kí ọmọ jókòó sí, kó gba ẹ̀gbẹ́, kí etí tó dáa jù kọjú sínú kíláàsì, kó jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀, kí tíṣà má kọjú sí bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Máíìkì tí tíṣà ń fi mọ́ aṣọ tó ń ránṣẹ́ tààrà sí ẹ̀rọ etí ló ń ṣiṣẹ́ jù, tó bá wà ní sẹ̀ńtímítà 15 sí 20 sí ẹnu. Tí òjò bá ń lu páànù, kí tíṣà kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, kó yéé pariwo.

Láràárọ̀, kí tíṣà dúró lẹ́yìn ọmọ ní mítà kan, kó pe m, u, a, i, ṣ, s lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tún un sọ. Tí kò bá gbọ́ ọ̀kankan, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ṣ àti s nìkan ló pàdánù, ẹ wo rọ́bà àti ihò ike bóyá ìdọ̀tí tàbí omi wà níbẹ̀. Tí ibẹ̀ bá mọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣètò rẹ̀.

Bátìrì tí sítíkà rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn (nọ́ńbà 13) àti aláwọ̀ búlúù (nọ́ńbà 675) ni ẹ máa rí jù. Atẹ́gùn ló ń jí wọn. Ẹ ṣí sítíkà, ẹ fi sórí tábìlì fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí ẹ tó tì í mọ́nú. Lílẹ sítíkà padà kò dá a dúró. Ọyẹ́ máa ń gbẹ ẹ́ kíákíá. Tí bátìrì nọ́ńbà 13 kan bá lo ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ 13 tí táàmù kan jẹ́ á jẹ bíi mẹ́sàn-án fún etí kan, bíi 18 fún méjèèjì: páálí ẹlẹ́mẹ́fà mẹ́ta. Ẹ rà á pọ̀ nígbà tí ẹ bá lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, kí ẹ sì wo déètì ẹ̀yìn rẹ̀. Fún ọmọ kékeré, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀ ń tì pa. Ọmọ tó bá gbé bátìrì mì, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀ kan náà, kódà tí kò bá tíì pariwo inú.