Hank Williams lórí rédíò: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé?

Ẹ̀yin tí bàbá yín máa ń gbé Jim Reeves sórí ẹ̀rọ láàárọ̀ Sunday, tẹ́ ẹ wá dàgbà tẹ́ ẹ fẹ́ mọ àwọn tó ṣáájú ẹ̀ nídìí orin country, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Hank Williams lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Òun náà gba orí Louisiana Hayride kọjá, ètò rédíò tí wọ́n ń ṣe ní Shreveport, kí Jim Reeves tó débẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin yẹn ò pẹ́ láyé, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1953 ló kú sẹ́yìn mọ́tò nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ síbi tó ti fẹ́ kọrin, ọmọ ọdún 29 péré. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń wá ibi tó ti kọrin bó ṣe ń kọ ọ́ fáwọn èèyàn, tí kì í ṣe àwo tí wọ́n jókòó ṣe fún títà, orí rédíò ló máa bá a. Láyé ìgbà yẹn wọ́n á gba ètò sórí àwo ńlá kan tó fẹ̀ ju LP lọ, wọ́n á wá gbé àwo yẹn sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ mìíì.

Mẹ́ta ló wà tó yẹ kẹ́ ẹ wò, ìkẹta sì tún pín sọ́nà méjì.

Àkọ́kọ́ ni Health & Happiness. Ètò mẹ́jọ ni, oṣù October 1949 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Nashville. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Hadacol ló gbé ètò náà, ìyẹn náà dà bíi paraga tiwa níbí, ọtí tó tó ìpín 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ń tà á fáwọn èèyàn pé ó ń wo gbogbo àìsàn. CD méjì ni. Ti 1993 wà, ti 2019 náà wà, ti 2019 ni kẹ́ ẹ mú. Lovesick Blues tó sọ ọ́ di olókìkí lọ́dún yẹn gan-an wà níbẹ̀, ohùn ẹ̀ ń dún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oore Ọlọ́run. Ohun tó máa sú yín ni pé orin ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ọ̀kan, orin fayólíìnì kan náà ni wọ́n sì fi ń parí ẹ̀. Audrey ìyàwó ẹ̀ náà kọrin nínú ẹ̀, ohùn wọn ò bára mu, mo máa ń fò ó ni.

Ìkejì ni The Garden Spot Programs, 1950. Iléeṣẹ́ tó ń ta igi òdòdó àti igi eléso ní Waxahachie, Texas, ló gbé ètò yẹn. Àwọn àwo ẹ̀ ti sọnù lójú gbogbo ayé, àfi èyí tó kù sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Creston, Iowa. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde, ó sì gba Grammy ti àwo ìtàn ní 2015. CD kan ṣoṣo, owó ẹ̀ ò ga, Michael Graves tó fọ ohùn ẹ̀ mọ́ ṣiṣẹ́ gidi, ẹ ò ní gbà pé àwo ọdún 1950 ni. Ó kéré ni o. Ipa 24 tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ yẹn, orin ìpolówó kéékèèké wà nínú ẹ̀, kí ẹ tó mọ̀ ó ti tán.

Ìkẹta ni Mother's Best, òun lọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ẹ̀. Iléeṣẹ́ ìyẹ̀fun ló gbé e, lórí iléeṣẹ́ rédíò WSM ní Nashville, lọ́dún 1951, láàárọ̀ kùtù, ìṣẹ́jú 15 ìṣẹ́jú 15. Hank ò fìgbà gbogbo sí nílé nítorí òde eré, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Nígbà tí WSM ń kó kúrò níbi tí wọ́n wà, wọ́n ti kó àwọn àwo yẹn dà sí ààtàn, Les Leverett tó jẹ́ ayàwòrán wọn ló lọ ṣà á padà. Ẹ rò ó wò ná! Ètò 72, ààtàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ tún dé lórí ẹni tó ni ín, ilé ẹjọ́ Tennessee ní àwọn ọmọ Hank ló ni ín, ìyẹn Hank Jr. àti Jett, kó tó di pé iléeṣẹ́ Time Life tó ń ta àwo rí i gbé jáde. Ti 2010 ni odindi, CD 15 pẹ̀lú DVD nínú bọ́kìsì tí wọ́n ṣe bíi rédíò àtijọ́. Ti 2020 ni wọ́n pè ní Pictures from Life's Other Side, CD mẹ́fà, orin 144, pẹ̀lú ìwé ńlá tó kún fún fọ́tò. Ti 2020 yìí, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò, orin nìkan ló kù.

Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ dúró gbọ́ mi dáadáa, torí òun ló jẹ mí lówó.

Ẹnì kan ta àwo Hank Williams kan fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé orí ìtàgé ni, pé èrò pọ̀ níbẹ̀, pé kò sẹ́lòmíì tó ní irú ẹ̀. Mo sanwó, mo sanwó kíkó wọlé, mo tún sanwó fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo ki íápíìsì bọ etí, lóòótọ́ mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí: àtẹ́wọ́ orin kìíní ló tún wà lẹ́yìn orin ìkẹrin, ẹni kan náà ló ń súfèé, ibì kan náà ló ti ń súfèé, àtẹ́wọ́ yẹn á sì já gbì bí ẹni gé okùn. Hank fúnra ẹ̀ ò sì fèsì kankan sí gbogbo èrò yẹn, torí wọn ò sí níwájú ẹ̀! Ètò Health & Happiness ni, wọ́n gé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ jù nù, wọ́n wá lẹ àtẹ́wọ́ mọ́ ọn. Àṣé ọ̀nà yìí ti pẹ́, láti 1962 ni wọ́n ti ń ṣe é sí àwọn ètò yẹn, ẹni tó sì ń ta á fún mi ò sọ ọ́, mo kọ̀wé sí i títí, kò dá mi lóhùn.

Ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àárín orin yẹn gan-an lohun tẹ́ ẹ ń rà. Orin Hank kún ìgboro, ẹ lè rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube. Ohun tí ẹ ò lè rí nínú àwo sítúdíò ni bó ṣe máa ń pe Don Helms kó fi sítíìlì gìtá ṣáájú, bó ṣe ń bá Louie Buck tó ń darí ètò ṣeré, bó ṣe ń sọ fáwọn ìyá ilé pé kí wọ́n lọ ra ìyẹ̀fun, kó sì tó wí tán ohùn ẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ torí orin ẹ̀mí ló kàn. Tó bá fẹ́ máa lọ, á ní òun á tún padà wá, bí Ọlọ́run bá fẹ́, tí odò ò bá kún. Ẹni tó mọ bó ṣe kú láìpẹ́ sígbà yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn á wọ̀ ọ́ lára. Ẹ gé ìyẹn kúrò, kí ló kù? Orin 144 tó tẹ̀ lé ara wọn bíi ti àwo yòówù.

Mi ò sọ pé ti 2020 ò dáa o. Ohùn inú ẹ̀ mọ́ kedere, ìwé ẹ̀ rẹwà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sí mọ́tò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, òun ló rọrùn jù, ẹnikẹ́ni ò ní máa polówó ìyẹ̀fun sí yín létí. Ọ̀pọ̀ orin ẹlòmíì tí Hank ò ṣe sáwo rí náà wà nínú ẹ̀.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohùn: gbogbo wọn dáa, Garden Spot ló mọ́ jù. Orin ẹ̀mí: Mother's Best ló kún fún un, wọ́n tún ṣa tiẹ̀ lọ́tọ̀ ní 2022, CD méjì, I'm Gonna Sing lorúkọ ẹ̀, ẹ̀bùn gidi ni fún ìyá tó fẹ́ràn orin ìyìn. Fáìnẹ̀lì, ìyẹn àwo LP: tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tó dáa, Health & Happiness ti 2019 wà lórí ẹ̀. Owó: CD 15 yẹn ló wọ́n jù, ọwọ́ kejì ni ẹ máa ti sábà rí i, oníkálukú sì ń pe iye tó wù ú.

Nítorí náà, ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò, kó ra Garden Spot. Ẹni tó fẹ́ ìgbà tí iná ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó, Health & Happiness wà fún un. Ẹni tó fẹ́ orin púpọ̀ tí kò sì fẹ́ ìdààmú, kó mú ti 2020, owó ẹ̀ ò ní ṣòfò. Èmi ní tèmi, bọ́kìsì onírédíò ló wà nílé mi, mo ṣì máa ń gbé ètò kan sí i láàárọ̀ kí n tó jáde, mi ò sì tíì rí ẹni tó ra ti 2020 kọ́kọ́ tí kò padà wá ń bi mí níbi tóun á ti rí ti 2010.

Tẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń ta á ya fọ́tò CD 15 náà níkọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, ojú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú DVD ẹ̀, torí àwọn kan máa ń ta páálí tí CD inú ẹ̀ ò pé. Tó bá sì jẹ́ èyíkéyìí mìíì lẹ fẹ́ rà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ ètò rédíò náà àti ọdún ẹ̀ sẹ́yìn. Tí wọn ò bá kọ ọ́, tó jẹ́ “live” lásán ni wọ́n kọ, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.