Ẹ ṣọ́ra fún àwọn agégi tó ń ta oògùn kùkùté kiri Ìbàdàn

Ẹ̀yin tí ẹ ní igi nínú ọgbà ilé yín n'Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tí òbí yín ń dá gbélé nígbà tí ẹ̀yin wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àwọn ọkùnrin kan ń gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kiri láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bá àwọn àgbàlagbà gé igi. Wọ́n ń gé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé èèyàn, owó tí wọ́n gbà á ti di ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá, kùkùté á ṣì wà níbi tó wà, ìtì igi tó lówó lórí á ti bá wọn lọ, wọ́n á sì ti fi májèlé sílẹ̀ nínú ike omi fún onílé.

Mi ò ní kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà kankan síbí. Orúkọ tí wọ́n jẹ́ ládùúgbò wa kọ́ ni wọ́n jẹ́ ládùúgbò kejì, nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì wọn ò sì lọ mọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n ń ta ni kí ẹ dá mọ̀, torí òun ni wọn kì í pààrọ̀.

Àkọ́rọ̀ òjò ni wọ́n máa ń jáde, láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí ìjì bá ti ṣí páànù ilé kan tàbí méjì. Ẹ̀rù á ti ba gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí wọn lẹ́nu géètì, akoto lórí, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ọ̀gá wọn á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Màmá, ẹ ò rí bí igi yín ṣe ń fì sórí òrùlé? Ìjì kan péré ló kù o." Ẹni tó ń gbélé lóun nìkan, kí ni yóò sọ sí i?

Màmá kan wà tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ wọn ò sí nítòsí. Igi mẹ́ta ló wà nínú ọgbà wọn: dóńgóyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọkawéè, mẹ́láínà lẹ́bàá fẹ́ǹsì, àti àgbọn kan lẹ́yìn kíṣínì. Àwọn èèyàn yìí dá 150,000 náírà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì gba 100,000 kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n gé àgbọn. Wọ́n gé dóńgóyárò, ìdí rẹ̀ tó ìbàdí èèyàn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé orí mẹ́láínà, wọ́n gé ẹ̀ka tó tóbi jù dé ìdajì, ẹ̀ka náà so rọ̀ sórí fẹ́ǹsì, òrùlé aládùúgbò ló dojú kọ. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wọn ti pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ṣéènì ti já. Pẹtiróòlù ti wọ́n. Iṣẹ́ yìí ju bí àwọn ṣe rò lọ. Ẹ fi 80,000 kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ń lọ.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, torí kì í ṣe pé iṣẹ́ ṣèèṣì le mọ́ wọn lọ́wọ́. Igi tó ṣì wà lóòró, onílé lè ní òun ò gé e mọ́. Ẹ̀ka tó so rọ̀ lórí ilé ẹlòmíràn, ta ni yóò fi í sílẹ̀ kó lọ sùn? Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi ayùn kàn án. Màmá san án. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ ní ilé mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka tó gé dé ìdajì náà ni, ẹ̀bẹ̀ owó kan náà ni.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gé ìtì mẹ́láínà náà sí gígùn-gígùn, wọ́n sì pe píkọ́ọ̀pù kan. Wọ́n ní àwọn ń bá Màmá kó ìdọ̀tí, wọ́n tún gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìtì nìkan ni wọ́n kó. Ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kún ọgbà fún obìnrin arúgbó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mẹ́láínà tó ga tó sì dúró ṣánṣán, ọjà ni. Wọ́n ń là á sí pákó. Tíìkì tún wọ́n jù ú lọ, àwọn tó ń wá igi òpó ń rà á. Ti ìrókò àti ọ̀gànwó, ẹ ti mọ̀. Ẹ ya fọ́tò igi yín kó tó wó, ẹ fi okùn wọn bí ìdí rẹ̀ ṣe tó, kí ẹ rán ẹnì kan sí ọjà pákó Bódìjà kó lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ra irú ìtì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìtì lọ gbọ́dọ̀ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ kó sanwó fún yín.

Màmá wá béèrè pé kùkùté ńkọ́? Wọ́n ní gígé làwọn ṣàdéhùn, kùkùté ní owó tirẹ̀. Ni wọ́n bá yọ ike omi mẹ́ta jáde, 20,000 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Wọ́n ní kí wọ́n máa dà á sórí kùkùté láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pé kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ á ti jẹrà, ọwọ́ lásán ni wọ́n á fi fà á tu. Bí iṣẹ́ 150,000 ṣe kọjá 300,000 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ló bí mi nínú jù, torí irọ́ ni látòkè délẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí àgbọn. Àgbọn kì í hù padà bí wọ́n bá ti gé e. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń dàgbà, orí rẹ̀ lókè níbi tí imọ̀ titun ti ń yọ, bí ìyẹn bá sì ti kúrò, ó ti kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pẹ rí. Agégi mọ èyí bí ẹní mowó. Ẹni tó bá ta oògùn kùkùté àgbọn tàbí ti ọ̀pẹ fún yín, olè ni, ẹ má wulẹ̀ bá a dúró sọ̀rọ̀.

Dóńgóyárò, mẹ́láínà àti tíìkì yàtọ̀. Àwọn tó ń gbìn wọ́n fún igi ìdáná tàbí òpó ń fẹ́ràn wọn torí pé bí a bá gé wọn, ọ̀mùnú á tún yọ yíká ìdí wọn, á sì yára ga. Kùkùté irú èyí nílò àmójútó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó wà láàyè nínú kùkùté kò ju ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo lọ. Àárín gbùngbùn tó le gbagidi yẹn ti kú tipẹ́. Àárín yẹn ni wọ́n ní kí Màmá máa da oògùn sí. Ẹ lè da odò Ògùnpa sí i, kò ní dé gbòǹgbò. Oògùn tó ń rìn dé gbòǹgbò wà, glyphosate tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi ń kùn ún yíká abẹ́ èèpo yẹn ní kété tí igi bá wó, kí ojú ọgbẹ́ tó gbẹ. Bó bá ti gbẹ, àfi kí wọ́n tún bẹ́ ojú rẹ̀ díẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ohun tó lè ṣe ni pé kùkùté ò ní hù mọ́. Kò lè mú un jẹrà. Ìkán, olú àti òjò ló ń jẹ kùkùté, ọdún lóríṣiríṣi sì ni kùkùté ńlá máa ń gbà. Kò sí oògùn tó ń sọ ọ́ di jíjẹrà ní ọ̀sẹ̀ méjì, ì báà jẹ́ èèbó ló ṣe é.

Mo ṣí àwọn ike náà wò. Epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tì ni wọ́n pò mọ́ karosíìnì nínú méjì. Èyí kò pa kùkùté, ilẹ̀ ló ń bà jẹ́, kànga Màmá ò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló já mi láyà. Omi inú rẹ̀ ní àwọ̀ bí ewé tó ṣú, òórùn rẹ̀ burú. Àbúrò mi tó ń ta oògùn oko yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní gbogbo àmì paraquat, oògùn apakoríko kan, ló wà lára rẹ̀. NAFDAC ti fòfin de paraquat ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹnu kan péré lè pa àgbàlagbà, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń bà jẹ́, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi àwọ̀ àti òórùn sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé nǹkan mímu ni, àwọn wọ̀nyí wá lọ rọ ọ́ sínú ike omi, wọ́n gbé e sórí fèrèsé kíṣínì níbi tí ọmọ-ọmọ ti ń sáré kiri nígbà ọlidé! Kùkùté tí wọ́n torí rẹ̀ tà á gan-an, kò ràn án: ewé tútù tó bá fara kàn nìkan ló ń jó, kì í rìn dé gbòǹgbò. Dóńgóyárò Màmá ti rúwé báyìí, ó ti kọjá orí fẹ́ǹsì kékeré.

Wọ́n ní àwọn ọgbọ́n mìíràn. Ní òpópónà kejì sí wa, wọ́n gbowó pé àwọn á hú kùkùté, wọ́n kàn fi ayùn rẹ́ ẹ mọ́ ilẹ̀, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bàbá onílé tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì sórí rẹ̀. Bí igi ṣe ń jẹrà nísàlẹ̀, ibẹ̀ rì. Kí ẹ tó san owó húhú, ẹ gún ilẹ̀ ibẹ̀ ní dígà. Bó bá dún kọ́kọ́kọ́, wọn ò tíì hú nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ ìrókò ló wà nílé yín, wọ́n á ní igi náà ní ẹni tó ni ín, pé àwọn ò lè fi ayùn kàn án láìṣe ètùtù, wọ́n á sì ka owó ewúrẹ́, epo àti obì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ẹbí tó bá fẹ́ ṣe ètùtù mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣe é, wọ́n sì mọ ilé rẹ̀. Àjèjì tó gbé ayùn wá láàárọ̀ kọ́ ló yẹ kó gbowó ètùtù nírọ̀lẹ́.

Ti wáyà iná, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Igi tó bá ti kan wáyà, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, tó sún mọ́ yín kí wọ́n wá pa iná kí ẹnikẹ́ni tó gun un. Àwọn wọ̀nyí á ní kò pọn dandan, pé àwọn mọ bí àwọn ṣe ń ṣe é. Bí ẹ̀ka bá já wáyà tó sì pa iná gbogbo àdúgbò, wọ́n á ti sá, onílé ni wọ́n á wá bá. Ẹ̀yin ará Èkó náà, LASPARK, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó igi àti ọgbà, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti gé igi. Ẹ gbà á fúnra yín ní ọ́fíìsì wọn. Ẹ má fi owó rẹ̀ lé agégi lọ́wọ́ pé kó bá yín gbà á, ẹ má sì san owó ìtanràn fún ẹni tó kàn dé ẹnu géètì pẹ̀lú ìwé lẹ́yìn tí igi ti wó.

Agégi gidi wà, mo mọ̀ wọ́n, wọn kì í sì í ta ike. Ẹ wá wọn lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń la pákó, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti mọ̀ wọ́n, tí ẹ lè padà lọ bá wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dún: igi wo, báwo ni wọ́n á ṣe gé e kúrú tó, ta ló ni ìtì, ta ló máa kó ewé, ṣé kùkùté wà nínú owó náà. Ẹ fún wọn lówó epo, kí èyí tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ yín títí igi tó kẹ́yìn á fi balẹ̀. Ti kùkùté, mo fara mọ́ kí ẹ gba àwọn ọmọ tó ń gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi dígà àti àáké gé gbòǹgbò rẹ̀ yíká, kí wọ́n hú u. Bó bá ti súnmọ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí sọkawéè jù láti hú, ẹ gé e mọ́lẹ̀, kí ẹ máa já ọ̀mùnú rẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá yọ; gbòǹgbò tí kò rí ewé bọ́ ọ á rẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn, á sì kú. Ẹ má dáná sun ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Bí irú ike bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílé yín, tàbí nílé àwọn òbí yín, ẹ pè wọ́n lónìí. Kí wọ́n má dà á sí gọ́tà, kí wọ́n má dà á sẹ́bàá kànga, kí wọ́n má sì sin ín. Kí wọ́n kọ MÁJÈLÉ gàdàgbà sí i lára, kí wọ́n tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé, kí ẹ sì bá ọ́fíìsì NAFDAC ìpínlẹ̀ yín sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ó ṣe fà á lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì mu ún, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má fún un lépo pupa, ẹ má sì dúró wò ó bóyá á bì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, UCH bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni ẹ wà, kí ẹ mú ike náà dání. Ó lè máa sọ̀rọ̀, ó lè máa jẹun bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn gbé e padà sílé.